Ìgbì Kò Ní Tíkẹ́ẹ̀tì

Wọ́n ní kí n tún un sọ,
èmi Látúnjí tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè,
lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé wa l'Ókè-Baálẹ̀,
nígbà tí iná ti lọ, tí ẹ̀fọn ti dé.
Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ bàtà ná.

Ọ̀ṣúngbèmí ọmọ mi ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.
Aṣọ ló ń lọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun,
ní Bíárítì, nílẹ̀ àwọn Báskì.
Ìlú náà gbáfẹ́ débi pé ajá wọn ń wọ kóòtù.
Ìyá arúgbó kan kun ètè, ó pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ,
kò ra nǹkan kan, kò dúró de ẹnikẹ́ni,
òkun nìkan ló ń wò.
Ife kọfí wọn kò ju ìdérí ìgò oògùn ikọ́ lọ;
mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, mo ń wo ẹni tó gbé e wá,
mo ṣebí ìtọ́wò ni.
Iye rẹ̀? Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, oorun dá lójú mi.

Àwọn tó ń gun omi ni kí n sọ.
Pákó kan báyìí, ó gùn ju ọkùnrin lọ,
orí rẹ̀ ṣóńṣó bí ewé máńgòrò.
Wọ́n á jókòó lé e láàrin omi,
nínú aṣọ rọ́bà dúdú, wọ́n á máa wo ọ̀kánkán.
Ìgbì ń kọjá, wọn ò gùn ún.
Òmíràn dé, wọ́n tún jẹ́ kó lọ.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi na àsíá ní teṣán Òṣogbo,
mo mọ ojú ẹni tó ń dúró de ọkọ̀;
n kò rí èrò rí tó jẹ́ kí ọkọ̀ mẹ́rin lọ,
tó ní èyí kọ́ ni tòun.
Ìgbì kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò ní agogo,
kò sí ọ̀gá teṣán tí yóò fọn fèrè.
Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe dìde lórí omi,
ó dìde o! bí ẹni dìde lórí ẹní,
ó na ọwọ́ méjèèjì.
Èmi náà dìde lórí àga, mo gbọ́wọ́ sókè,
mo ti fún un lọ́nà kí n tó mọ̀.

Ó ṣubú. Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún padà.

Ẹ́nẹ́kò, ọmọ tó ń gbé kọfí, ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù,
èdè náà ń ta bíi gúgúrú, kì í ṣe Faransé.
Ó ní nílé ìwé, wọ́n á fi igi kan lé ìyá àgbà òun lọ́wọ́
torí pé ó sọ èdè ilé rẹ̀;
ẹni tí igi bá bá nírọ̀lẹ́ ló ń jẹgba.
Mo ní kí Ọ̀ṣúngbèmí túmọ̀ fún un
pé páálí ni tèmi, wọ́n fokùn so ó mọ́ mi lọ́rùn,
l'Óṣogbo níbí, ní kíláàsì kẹta,
torí pé mo fi Yorùbá tọrọ omi.
Kò gba owó kọfí kejì lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ àná mo rìn dé orí afárá Ọ̀ṣun.
Ẹ mọ àwọ̀ omi náà nísinsìnyí, bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí,
látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè odò.
Kò ní ìgbì. Ṣùgbọ́n òkun náà ló ń lọ,
ó lè kan pákó ọmọbìnrin yẹn lọ́jọ́ kan.
N kò ní yóò kàn án. Mo ní ó lè.

Ìṣọ̀lá ọmọ ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ wọ inú òkun?"
Ọrùn ẹsẹ̀ ló mu mí dé. Ó tutù, mo sá jáde.
Gba bàtà yìí, rọra gbọ̀n ọ́n sílẹ̀.
Iyanrìn wọn nìyẹn.
Má tíì gbá a.